Ara Sísanra, Oúnjẹ Àjèjì àti Ìlera Àwọn Ará Awóyè

 Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ti àìsàn tí ń fi ibà tàbí èébì kéde ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, àwọn tí ń yọ́ wọlé bí olè: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara tí ó sanra jù ni pẹ̀lú, nítorí òun ni ó sábà máa ń ṣíwájú wọn, gẹ́gẹ́ bí afunkàkàkí ti í ṣíwájú ọba.

Kò yẹ kí a bá Yorùbá wí pé ó fẹ́ràn ara tí ó kún. Àwọn baba ńlá mọ ọdún ìyàn, wọ́n sì mọ àìsàn tí í jẹ ẹran ara ènìyàn tán. Ẹni tí ó bá sanra láàárín wọn ni ẹni tí oúnjẹ kò wọ́n nílé rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń wí pé ayé yẹ ẹ́. Bí ìyàwó titun bá rù, àwọn ẹbí rẹ̀ a máa fi ojú burúkú wo ọkọ. Ìdájọ́ yìí bá ìgbà náà mu. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, nínú ènìyàn 8 tí ó wà láyé, ẹnì 1 ti sanra dé ìwọ̀n tí a ń kà sí àrùn. Àwọn àgbàlagbà tí ó wà nínú wọn tó mílíọ̀nù 890. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ebi ṣì ń pa ọmọdé kò yọ sílẹ̀. Ọmọ tí oúnjẹ rere kò ká àti ìyá tí ó sanra jù lè wà lábẹ́ òrùlé kan náà, kí wọ́n sì máa jẹ nínú ìkòkò kan náà.

Bí rọpárọsẹ̀ bá mú ènìyàn kan, ohun méjì ni ó máa ń wà lẹ́nu ará ilé. Àwọn kan a ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Àwọn mìíràn a ní inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn ni ó ti wá, baba rẹ̀ ni ó ṣe, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni ó ṣe. Ti ìṣáájú, kí a fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ti èkejì ni àwọn onímọ̀ ti fi ìwọ̀n wò.

Ní àárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn oníṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn àti láti Yunifásítì Loyola ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Cooper ṣe olórí wọn, tí Charles Rotimi ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn, pa ìmọ̀ pọ̀ láti wo ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò. Wọ́n ro ó báyìí: a kó àwọn ènìyàn lẹ́rú láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí òkè òkun, àwọn ọmọ ọmọ wọn wà ní Jàmáíkà, ní Barbados, ní St. Lucia àti ní Amẹ́ríkà títí di òní. Orísun kan ni wọ́n ti ṣàn, ilẹ̀ tí wọ́n dé sí ni ó yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ń fa àìsàn, ó yẹ kí iye aláìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo.

Wọ́n wọn ènìyàn tí ó lé ní 10,000, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ènìyàn 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Karíbíà, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ní àdúgbò kan tí ń jẹ́ Maywood lẹ́bàá Chicago, ó di 33. Ti àtọ̀gbẹ tún jìnnà sí ara wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ: 2 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà, 9 ní Karíbíà, 11 ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àìsàn náà ti ń gòkè láti èbúté dé èbúté ni ìwọ̀n ara àwọn ènìyàn ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò fún èyí ni kí a fi gíga ènìyàn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí a sì fi ohun tí ó jáde pín ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí èsì bá dé 25, ara ti ń pọ̀ jù. Bí ó bá dé 30, ó ti di àrùn. Àwọn tí a wọ̀n níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà ní nǹkan bí 22. Àwọn obìnrin ti Amẹ́ríkà wà ní 31.

Ẹ̀jẹ̀ ní ipa tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó sẹ́ ẹ. Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní ọdún 2019 pé àwọn rí ohun àjogúnbá kan lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó jẹ mọ́ àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í yí padà láàárín ìran mẹ́fà tàbí méje tí ó yóò fi sọ 2 di 11.

Kò tilẹ̀ sí ìdí láti wọ ọkọ̀ òkun lọ jìnnà kí a tó rí i. Àwọn onímọ̀ kan náà wọn àwọn ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn tó ọdún 45 sókè ní Ìgbó-Ọrà àti ní ìgboro Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1996. Láàárín àwọn àgbẹ̀ oko, 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láàárín àwọn tálákà ìgboro, 25. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gba owó ìfẹ̀yìntì, 29. Yorùbá ni gbogbo wọn, ìrìn-àjò ọjọ́ kan kò sì sí láàárín oko àti ìgboro.

Ọmọ Òǹdó kan ni ó jẹ́ aṣáájú nínú irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkúgbé, tí a bí ní ọdún 1933, tí ó sì kú ní ọdún 2020. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wádìí, ó sì ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti ka àwọn aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé àtọ̀gbẹ wà lára nǹkan bí 2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà ní ọdún 1992. Ṣùgbọ́n ní Lagos Mainland, ó lé ní 7, nígbà tí kò pé 1 ní Mangu lórí òkè Plateau. Nígbà tí àwọn oníṣègùn mìíràn kó gbogbo ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ jọ ní ọdún 2018, iye ti gbogbo orílẹ̀-èdè ti di 5.8. Ohun tí ó jẹ́ ti Èkó nìkan ti ń di ti gbogbo ilé.

Báwo ni ara sísanra ṣe ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí? Oúnjẹ tí ó bá wọ ikùn a di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Omi ara kan wà tí ń jẹ́ ínsúlínì, òun ni ó dà bí ọlọ́kọ̀ tí ń kó ṣúgà náà láti inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí inú ẹran ara, kí ara lè fi ṣe agbára. Ọ̀rá tí ó wà lábẹ́ awọ kò burú tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó burú ni ọ̀rá tí ó wọ inú ikùn lọ, tí ó yí ìfun ká, tí ó sì rọ̀gbà yí ẹ̀dọ̀. Òun a máa di ojú èbúté, ẹran ara kì í sì gba ẹrù lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ mọ́ bí ó ti yẹ. Ara a tún rán ọlọ́kọ̀ púpọ̀ sí i jáde, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ṣúgà a wá máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ láìrí ibi gúnlẹ̀ sí, a sì máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ nínú ojú, nínú kíndìnrín, nínú ọkàn àti nínú ẹsẹ̀.

Ti ẹsẹ̀ yìí kan Awóyè gidigidi. Alátọ̀gbẹ tí kò mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ lè máà mọ ìrora lẹ́sẹ̀ mọ́. Ó lè rìn láìwọ bàtà nínú ẹrẹ̀, kí ìkarahun tàbí ìṣó ara pákó gé e, kí ó má sì mọ̀ títí ọgbẹ́ yóò fi rà. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí a gé ẹsẹ̀ ènìyàn. Kì í sì í ṣe gbogbo alátọ̀gbẹ ni ó sanra. Nígbà tí àrùn náà bá ti jinlẹ̀, ó lè mú kí ẹni tí ó sanra rí bẹ́ẹ̀rẹ́bẹ́ láìgbààwẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú lásán ṣe ìwọ̀n.

Àwọn àgbà etí òkun ní èrò tiwọn lórí ohun tí ó dé. Wọ́n ní nígbà tí ó jẹ́ àjẹ̀ ni a fi ń wa ọkọ̀ láti Awóyè, kò sí ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Ẹ̀rọ ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ apá. Èrò náà dára, ó sì jọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni odindi òtítọ́.

Ìwádìí kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Loyola àti Ìbàdàn mú àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà, wọ́n sì mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ti agbègbè Chicago. Wọ́n fún wọn ní omi kan mu, tí èròjà inú rẹ̀ wúwo díẹ̀ ju ti omi lásán lọ. Bí ara bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni èròjà wọ̀nyí ṣe ń kúrò nínú ara tó. Ẹni tí ó bá sì wọn èyí tí ó kù nínú ìtọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan yóò mọ iye agbára tí ara ná, láìbéèrè ohunkóhun lẹ́nu ẹni náà. Gbogbo ayé ni ó rò pé àwọn obìnrin Nàìjíríà yóò ju àwọn ti Chicago lọ jìnnà, nítorí àwọn ni ó ń pọnmi tí wọ́n sì ń ru igi. Nígbà tí àbájáde jáde ní ọdún 2008, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti yọ ti títóbi ara kúrò, agbára tí àwọn méjèèjì ń ná dọ́gba. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ náà tún fi hàn pé mímọ iye agbára tí obìnrin kan ń ná kò lè sọ fún ènìyàn bóyá yóò sanra sí i ní ọdún tí ń bọ̀.

Èyí kò sọ pé kí a jókòó gẹlẹtẹ. Iṣẹ́ ara ń fún ọkàn lágbára, ó sì ń mú kí ẹran ara gba ṣúgà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti kí ara pọ̀ tàbí kí ó má pọ̀, ẹnu ni ó ní ẹjọ́ jù. Ìkòkò ni kí a kọ́kọ́ wò kí a tó wo àjẹ̀.

Kí ni ó wà nínú ìkòkò Awóyè? Ohun tí ó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹja, edé àti púpúrú. Ìwádìí kan láti ilẹ̀ Tanzania, tí a tẹ̀ jáde ní 1996, jẹ́rìí sí irú oúnjẹ yìí. Àwọn onímọ̀ wo abúlé àwọn apẹja létí adágún Nyasa, wọ́n sì wo abúlé àwọn àgbẹ̀ orí òkè, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n. Àwọn apẹja ń jẹ ẹja lójoojúmọ́, àwọn àgbẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan án. Ẹ̀jẹ̀ ríru kéré láàárín àwọn tí ń jẹ ẹja, ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì kéré pẹ̀lú. Èyí ni ọrọ̀ tí òkun gbé lé àwọn ará Awóyè lọ́wọ́ láìgba owó orí.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń jẹ ẹ́? Ẹja tí ó tóbi jù ni ó ń lọ sí ọjà Ìgbókòdá, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń gba ọ̀nà ìgboro lọ. Ohun tí ọkọ̀ kan náà ń kó bọ̀ wálé ni búrẹ́dì, ṣúgà, bisikíìtì, núdù, òróró inú ike, àti ọtí ẹlẹ́ridòdò ní páálí. Púpúrú kò lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òkèlè tí ó ga bí òkìtì pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ẹja rẹ̀ kò tó àtàǹpàkò ni ó lẹ́bi. Ìyá tí ó ta gbogbo ẹja tán tí ó wá fi owó rẹ̀ ra ọtí dídùn fún ọmọ ti fi wúrà ra idẹ; bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó lè bá a wí pátápátá, nítorí owó ilé ìwé, owó epo ọkọ̀ àti owó omi ni ó ń lé e.

Owó omi. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Òkun ti gbé ilé àti ilẹ̀ mì ní Awóyè àti ní àwọn ìlú tí ó bá a pààlà, omi iyọ̀ sì ti wọ inú irà àti odò tí ó jẹ́ omi dídùn tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi inú irà ni ó gbẹ. Iyọ̀ jẹ́ ọ̀tá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ṣe dé gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ẹ̀kún ṣíbí tíì kan, ti inú ọbẹ̀, ti inú magí àti ti inú omi lápapọ̀. Ní etíkun Bangladesh, ní àdúgbò Dacope, níbi tí òkun ti ń wọ inú odò bákan náà, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí lára àwọn aboyún, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iyọ̀ inú omi pọ̀ jù, ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Nígbà tí òjò bá dé, a dínkù. Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún lè pa ìyá, ó sì lè pa ọmọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí ó bá dá lórí ẹnu nìkan kò tó fún Awóyè. Ẹni tí ó ń sọ fún obìnrin pé kí ó dín iyọ̀ kù, tí kò sì sí omi dídùn tí obìnrin náà lè bù, ọ̀rọ̀ lásán ni ó ń sọ. Omi mímu jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ibí yìí gẹ́gẹ́ bí hóró oògùn ti jẹ́, ẹrù rẹ̀ sì wà lórí ìjọba. Kí àwọn ará ìlú tó rí i, kí wọ́n fi agbada, páńpẹ́ àti táńkì tí ó ní ìdérí gba omi òjò láti orí páànù, kí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún mímu àti sísè, kí ti aboyún sì ṣáájú. Kí ilé kọ̀ọ̀kan yọ ẹja ti ọbẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ kí agbọ̀n tó lọ sọ́jà. Ẹja tútù àti ẹja yíyan sàn ju èyí tí a fi iyọ̀ pa mọ́ lọ.

Wíwọn ara kò gba owó púpọ̀. Obìnrin tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.60, tí ó sì wọn kílò 77, ti kọjá 30 nínú ìṣirò tí a ti sọ lókè. Ọkùnrin tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.70, bí ó bá ti kọjá kílò 72, ara rẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Níbi tí kò sí ìwọ̀n, téèpù aránṣọ tó. Kí ẹni náà dìde dúró, kí ó mí síta, kí a yí téèpù náà ká ikùn rẹ̀ láìfún un, ní àárín egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti egungun ìbàdí. Bí ti ọkùnrin bá dé sẹ̀ǹtímítà 94, tàbí tí ti obìnrin tí kò lóyún bá dé 80, kí ó lọ bá nọ́ọ̀sì kí a lè wo ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń fi ọkọ̀ ojú omi káàkiri náà ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kíyè sí. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wa ọkọ̀ dé sinmi fún ìṣẹ́jú 5 kí a tó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí apá rẹ̀ bá sì tóbi, kí a fi aṣọ ẹ̀rọ tí ó gbòòrò dì í, nítorí èyí tí ó bá há a máa ń ka iye tí ó ju ti òtítọ́ lọ.